Òrùlé Ọkọ̀ Bàbá Díspẹ́ńsà

Ní ìlú Ìdí-Òro, bí ẹnì kan bá ń bínú lórí ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà, àgbà kan kò ní pẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní: "Ẹni tó gé òrùlé ọkọ̀ bàbá rẹ̀ kì í bá olómi jà." Àlejò á wo ọ̀tún, á wo òsì. Kí ló pa ọkọ̀ pọ̀ mọ́ olómi? Ta ló ń gé òrùlé ọkọ̀, kí sì ni bàbá rẹ̀ ṣe fún un tí kò fi rí ohun mìíràn gé?

Ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni. Ẹnì kan gé e lóòótọ́. Ó kàwé, ó rìnrìn àjò, ó sì dá a lójú pé ńṣe lòun ń tún un ṣe. Bó bá ṣe pé òmùgọ̀ ni, òwe kankan kì bá tí jáde nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìlú kì í fi òmùgọ̀ pa òwe. Ọlọ́gbọ́n tó ṣi ẹsẹ̀ gbé ni wọ́n ń fi pa á.

Ọkọ̀ tí à ń wí yìí, Pijó ni, irú èyí tó gùn lẹ́yìn, tí àwọ̀ rẹ̀ sì rí bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Bàbá Díspẹ́ńsà ló ni ín. Ògúnmọ́dẹdé ni orúkọ bàbá náà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ọjọ́ pípẹ́ tó fi ń fún ènìyàn lóògùn ní àdúgbò Òkè-Aró ti bo orúkọ yẹn mọ́lẹ̀. Kí ọkọ̀ náà tó dé, aboyún tí ìrọbí bá le fún, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n ń gbé e sí, tí ọkọ rẹ̀ á máa ti kẹ̀kẹ́, tí ìyá ọkọ á máa di obìnrin náà mú, títí wọn ó fi kọjá afárá odò Ọ̀yì dé ọsibítù ìlú kejì. Àwọn kan máa ń dé ibẹ̀.

Láti ọjọ́ tí Pijó ti dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Fèrè rẹ̀ ní ohùn kan bíi ti ewúrẹ́ tí òtútù mú. Bí Bàbá Díspẹ́ńsà bá ń gbé aboyún lọ, á fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní kúkúrú, ẹni tó wà lójú ọ̀nà á yà. Bó bá ń bọ̀, tí ìyá ń bẹ láàyè tí ọmọ ń bẹ láàyè, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n á fà á gùn láti ìsàlẹ̀ òkè títí dé ìdí igi òro. Bó bá ń bọ̀ tí kò fọn ohunkóhun, àwọn obìnrin á rọra wọlé lọ, wọn á sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹ sì mọ àṣà wa. Ọmọ tuntun tí wọ́n bá ń gbé wọlé, omi tútù ni wọ́n ń dà sórí òrùlé ilé, kó máa kán láti etí òrùlé sí i lára, kí ọmọ ké, kí ará ilé mọ̀ pé àlejò dé. Ní Òkè-Aró, kì í ṣe orí ilé ni wọ́n ń da tiwọn sí. Orí ọkọ̀ Bàbá Díspẹ́ńsà ni. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Bí fèrè bá ti fà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Aláró nítorí pé apá rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, òun ló máa ń kọ́kọ́ gbé abọ́ jáde. Á da omi sórí ọkọ̀, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e, omi á máa ṣàn lójú fèrèsé, ìyá ọlọ́mọ á máa rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀. Títí omi yóò fi kán tán, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ líle, torí wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá kọ́kọ́ gbọ́ ní ẹnu ọ̀nà ni yóò bá a wọlé. Bí omi bá kán tán, nígbà náà ni wọn ó pe ọmọ ní orúkọ tí wọ́n bá fẹ́, ìyẹn kó tó di ọjọ́ kẹjọ.

Irin kì í gba omi bẹ́ẹ̀ kó má dípẹtà. Omi ọmọ tó lé ní igba ló jẹ orí ọkọ̀ náà, tó fi di pé bí èèyàn bá wà nínú rẹ̀ lọ́sàn-án, á rí oòrùn fírífírí láti òkè bí ìràwọ̀.

Bàbá Díspẹ́ńsà kú. Òun ni Bàbá Àdúgbò Òkè-Aró títí tó fi kú, oyè tí kò ní ìlẹ̀kẹ̀ tí kò ní ìrùkẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí tọkọtaya bá ń jà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sá lọ. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín ni àwọn obìnrin wí pé, "Ọjọ́ tí ọkọ̀ yìí bá tún gun òkè wa, a ó da omi sórí rẹ̀ bí a ti ń ṣe é. Ọmọ Díspẹ́ńsà tó bá jókòó sídìí rẹ̀, òun la ó pè ní Bàbá Àdúgbò." Wọ́n ti ọkọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi wà níbẹ̀. Adìẹ ń yé sí àga ẹ̀yìn.

Oyèníyì ni àkọ́bí bàbá náà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló lò ní Amẹ́ríkà kó tó darí wálé, ó sì kọ́ ilé kan tí òpó iwájú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí wọ́n gbé dúró lọ. Kò sí ohun tí ọkùnrin náà kò ní, àfi orúkọ kan tí ènìyàn á máa pe òun láìjẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ dárúkọ ara òun. Ọkàn rẹ̀ wà lára oyè bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá ń pe ẹlòmíràn ní Bàbá lójú rẹ̀, á máa wo ilẹ̀.

Ìtàn kan sì wà tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀, kó tó kú, sọ fún un pé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wálé láti ọsibítù, nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, nígbà tí ọyẹ́ ń la ètè ènìyàn, òjò rọ̀ sórí ọkọ̀. Òun dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ibà, òun sì gbọ́ ọ gbàgà gbàgà lókè orí òun. Oyèníyì ti sọ ọ́ ní gbogbo ìpàdé ọmọ ìlú lókè òkun. "Òjò nínú ọyẹ́," ni yóò wí, á wá dákẹ́ díẹ̀ kí àwọn tó ń gbọ́ ráyè fi ojú ìyanu wò ó. Ó mọ̀ pé wọ́n ń da omi fún àwọn ọmọ yòókù. Ó bá wọn wò ó nígbà tó wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọ yòókù ni omi. Tirẹ̀ ni òjò.

Ó ní kí wọ́n fa ọkọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Abíọ́nà. Abíọ́nà ni mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ jù ní Òkè-Aró. Orúkọ rẹ̀ kò ṣàdédé wá: orí àga ẹ̀yìn Pijó yẹn ni ìyá rẹ̀ bí i sí, lórí afárá odò Ọ̀yì, tí Bàbá Díspẹ́ńsà ń sọ pé, "Farabalẹ̀, ó kù díẹ̀," tí ọmọ kò sì farabalẹ̀.

Abíọ́nà yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó jáde, ó nu ọwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kò kú. Ó kàn sùn ni. Ẹ́ńjìnnì á jí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, màá lù ú padà. Orí rẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n mo mọ ẹnì kan ní Ṣakí tí irú ẹ̀ kú sí lọ́wọ́, tí òrùlé tiẹ̀ ṣì le. Ẹ fún mi lóṣù mẹ́ta. Ẹ ó bá a bí Bàbá ṣe fi í sílẹ̀."

"Abíọ́nà, ta ló ní mo fẹ́ ẹ bí Bàbá ṣe fi í sílẹ̀?"

"Àwọn ìyá ni."

"Àwọn ìyá ò tíì kúrò nílé. Wá wo nǹkan." Oyèníyì yọ fóònù, ó fi àwòrán kan hàn án: irú ọkọ̀ yẹn gan-an, pupa fòò, àga funfun, kò ní òrùlé. "Báyìí ni wọ́n ń ṣe é lọ́hùn-ún. Èèyàn kì í tún ohun àtijọ́ ṣe kó padà di àtijọ́. Á sọ ọ́ di tara rẹ̀."

Abíọ́nà wo àwòrán náà pẹ́. "Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀rùn la ó máa wà á."

"Oòrùn ńkọ́?"

"Mo ní fìlà."

"Àwọn ìyá ńkọ́? Ibo ni wọn ó da omi sí?"

"Kí wọ́n dà á sílẹ̀ níwájú táyà. Ṣebí omi ni. Màá ránṣẹ́ sọ fún wọn."

"Ẹ̀gbọ́n, ibi tó dípẹtà tí ẹ ń wò yìí, tèmi wà níbẹ̀. Ti àbúrò mi wà níbẹ̀. Tiyín gan-an wà níbẹ̀."

"Tèmi kì í ṣe omi," ni Oyèníyì fèsì, ó sì fi fóònù sápò. "Òjò ni."

Abíọ́nà kò jiyàn. Ó ní, "Màá bá yín jí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dìde. Ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé yìí ni wọ́n bí mi sí. Ayùn tèmi ò ní kàn án."

Oyèníyì gba ọ̀dọ̀ Ìyá Aláró lọ, torí ó mọ̀ pé ẹnu ìyá náà ni ẹnu gbogbo obìnrin àdúgbò. Ìyá Aláró ti tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún. Ó jókòó lẹ́bàá ìkòkò aró tí kò ní nǹkan nínú mọ́. Ojú rẹ̀ ti di funfun.

"Níyì," ló wí, "mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ jí ọkọ̀ bàbá ẹ dìde."

"A ti bẹ̀rẹ̀, Ìyá. Yóò dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"N ò bi ọ́ bóyá yóò dára. Mo ní ṣé òun náà ni yóò jẹ́?"

"Òun náà ni, Ìyá."

"Ó dára. Ojú mi ò ríran mọ́, ohun tí mo bá fi etí gbọ́ ni mo rí. Bí mo bá ti gbọ́ fèrè rẹ̀ báyìí, ó parí."

Bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ láti ilé ìyá náà, Oyèníyì ti pinnu ohun kan: bó ti wù kó rí, fèrè yóò dúró.

Ẹ má ṣe rò pé kò rò ó wò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti jí, ó nìkan wọ inú ọkọ̀ náà, ó ti ilẹ̀kùn. Òórùn káfúrà ṣì ń bẹ níbẹ̀. Níwájú, lójú ibi tí bàbá rẹ̀ máa ń bọ́ fìlà lé, àwọ̀ ibẹ̀ ti ṣí róbótó. Okùn tí àwọn aboyún máa ń dì mú ṣì so rọ̀ sí ẹ̀yìn, ó ń dán bí ẹ̀rúkọ́ àgbẹ̀. Oyèníyì nawọ́ sẹ́yìn, ó dì í mú. Ó rántí ìgbà tó máa ń bá bàbá rẹ̀ lọ, tí wọn á máa bọ̀ pẹ̀lú ìyá ọlọ́mọ lẹ́yìn, tí bàbá rẹ̀ á wò ó, á ní, "Ó yá, ìwọ ni kó o fọn ọ́n lónìí." Ó rántí bí fèrè ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kékeré. Oòrùn ń gba ojú ihò òkè wọlé, ó ń tò sí i lẹ́sẹ̀. Omi lé sí ọkùnrin náà lójú. Ó fẹ́ pe Abíọ́nà, kó sọ fún un pé kó lọ gbé òrùlé Ṣakí yẹn wá.

Ibi tó ti ń nu ojú ló ti rí ara rẹ̀ nínú dígí. Fìlà abetí ajá tuntun ló dé lọ́jọ́ náà, ó sì bá a lórí mu. Ó wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì. Ó wá yé e pé bí òun bá wà lábẹ́ òrùlé yìí, kò sí ẹni tó wà lẹ́bàá ọ̀nà tí yóò rí fìlà náà. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn, lọ́dọ̀ àwọn tí ayùn wọn kì í bi ni léèrè ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ ìrántí Bàbá Díspẹ́ńsà pé nínú oṣù Ṣẹẹrẹ. Wọ́n ti pọn omi láti àná, ọyẹ́ ti fẹ́ sí i mọ́jú. Bí ogójì obìnrin ló tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, òmíràn gbé igbá, òmíràn gbé abọ́ tánganran tí òdòdó ara rẹ̀ ti parẹ́. Ìránṣẹ́ Oyèníyì ti sọ fún wọn pé níwájú táyà ni kí wọ́n da omi sí. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Fèrè fà láti ìsàlẹ̀ òkè.

Ọdún mẹ́rìnlá ni wọn kò fi gbọ́ ọ. Obìnrin kan tó sin ọmọ rẹ̀ kan tó sì gbé ọmọ mẹ́ta bọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú omi rẹ̀ lórí. Abíọ́nà, tó dúró lẹ́yìn gbogbo èrò, yí ojú sí ibòmíràn. Ìyá Aláró dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á lọ́wọ́.

"Ó ń bọ̀," ló wí. "Ó gbé ọmọ bọ̀."

Ọkọ̀ gun òkè, ó pupa bí ata rodo. Oyèníyì jókòó sínú rẹ̀ nínú agbádá funfun tí wọ́n ti fi sítáàṣì gbá dúró, fìlà rẹ̀ nà ṣánṣán, ó ń juwọ́. Orin ń dún lábẹ́ àga. Ó dúró sí ìdí igi òro, níbi tí bàbá rẹ̀ máa ń dúró sí. Ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá kí wọ́n má baà rò pé ẹlòmíràn ni.

Ogójì ọdún ni ọwọ́ Ìyá Aláró fi kọ́ bí òrùlé Pijó ṣe ga tó. Kò tíì gbàgbé. Ó gbé abọ́ sókè, ó da omi sí ibi tí òrùlé wà. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, torí bí fèrè yẹn bá ti dún tí Ìyá Aláró sì ti dà, ọwọ́ máa ń yára ju ojú lọ. Nínú wọn, àwọn kan ríran dáadáa. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ogójì abọ́ omi ọyẹ́. Sítáàṣì kọ́kọ́ jà, lẹ́yìn náà ó túúbá. Etí fìlà méjèèjì wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bíi ti ajá tí wọ́n bá wí. Orin abẹ́ àga há lọ́fun, ó sì kú.

Àwọn obìnrin kúnlẹ̀, wọ́n ń dúró kí omi kán tán, bí àṣà ti wí, kí wọ́n lè pe orúkọ. Bàbá Àdúgbò ti wà lẹ́nu Ìyá Aláró, ó kù kó tú u sílẹ̀. Bí Oyèníyì bá lè pa ẹnu mọ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń bó ọsàn kan péré, oyè ti di tirẹ̀.

"Wèrè wo nìyí?" ni Oyèníyì wí, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Mo ní táyà! Mi ò ránṣẹ́ ni? Ẹ fi arúgbó tí kò ríran ṣíwájú, ẹ wá ń tẹ̀ lé e bí àgùntàn. Ẹ wo àga mi. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti kó awọ yìí wá?"

Obìnrin tó wà níwájú dojú abọ́ rẹ̀ délẹ̀. Ẹnì kejì dojú tirẹ̀ délẹ̀. Ó lọ bẹ́ẹ̀ títí dé òpin ìlà, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé wọn ò ní pe orúkọ náà mọ́ nìyẹn, títí kan Oyèníyì, tó wá pa ẹnu mọ́ nígbà tí pípa á mọ́ kò wúlò mọ́.

Ìyá Aláró sún mọ́ ọkọ̀. Ó na ọwọ́ láti fi pa orí rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ọwọ́ náà lọ sínú afẹ́fẹ́, ó sọ̀kalẹ̀, ó kan fìlà tútù.

"Òrùlé rẹ̀ dà?"

"Mo gé e, Ìyá. Ó ti jẹrà."

Ìyá Aláró fi ọwọ́ rẹ̀ sórí fìlà náà fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú. "Ọmọ mi," ló wí, "ẹni tó gé òrùlé ọkọ̀ bàbá rẹ̀ kì í bá olómi jà." Ó yí padà, ó wọlé.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú òwe náà. Lónìí, bí ọmọ kan bá lé gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ tó wá ń ráhùn pé ẹnikẹ́ni kò kí òun, wọ́n á sọ fún un. Bí olóyè kan bá wó ògiri àtijọ́ torí kí àwọn èèyàn lè rí ilé rẹ̀ lókèèrè, tí olè wá rí i lókèèrè pẹ̀lú wọn, wọ́n á sọ fún un. Ohun tó bo ni, bó ti wù kó gbó tó, kó tó di pé a yọ ọ́, ká kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń gbà fún wa. Ẹni tó bá yọ ọ́ tán, kó gba ohun tó bá bọ́ lé e lórí ní sùúrù.

Oyè Bàbá Àdúgbò ṣì wà láìsí ẹni tó jẹ ẹ́. Ọkọ̀ pupa wà ní Ìbàdàn. Abíọ́nà gbé òrùlé kan wá láti Ṣakí. Ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi aṣọ bò ó.

Oyèníyì padà lọ bẹ Ìyá Aláró lẹ́yìn oṣù méjì. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ìyá náà sì dárí jì í, torí ìdáríjì kò le fún un bí oyè. Wọ́n jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ títí. Nígbà tó fẹ́ dìde, ó bi í ní ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọjọ́ náà: kí ló dé tó fi jẹ́ pé orí ọkọ̀ ni Òkè-Aró ń da omi ọmọ sí, tí kì í ṣe orí ilé bíi ti gbogbo ayé?

"Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀," ni Ìyá Aláró wí. "Orí rẹ ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀."

"Orí mi? Ìyá, òjò ló rọ̀ lọ́jọ́ tèmi."

"Nínú oṣù Ṣẹẹrẹ? Èmi ni mo da omi yẹn, Níyì. Owó páànù tí bàbá ẹ tọ́jú ló fi ra ọkọ̀, nítorí ìyá ẹ tí kò lè gun kẹ̀kẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ dé, ògiri lásán ni ilé yín. Òrùlé kan ṣoṣo tí bàbá ẹ ní láyé, orí ọkọ̀ yẹn ni."